Ọwọ́ tí Ìbídùnní Tẹ̀ Sórí Káàdì

"A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni." Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò gbọ́ òwe yìí rí, ṣùgbọ́n ẹ̀yin òǹkàwé mi, ta ló mọ gbòǹgbò rẹ̀ nínú yín? Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní abà Ìdí-Ọ̀pẹ nìyí. Ẹni tí tirẹ̀ bá yàtọ̀, kó fi í pamọ́ ná, kó gbọ́ tèmi.

Ìbídùnní, ọmọ Akíndípẹ̀ adẹ́mu, ti kàwé, ó sì ti lọ́kọ nígboro. Ẹmu ni bàbá rẹ̀ dá tó fi rán an níléèwé, ṣùgbọ́n ojú ń ti obìnrin yìí láti dárúkọ ẹmu létí àwọn àna rẹ̀. Bí wọ́n bá béèrè ilé wọn, á ní ọ̀nà ibẹ̀ kò dára, á sì yí ọ̀rọ̀ padà. Ọdún ń gorí ọdún, kò délé. Nígbà tí ọjọ́ìbí àádọ́rin ọdún bàbá náà kù sí dẹ̀dẹ̀, ó ránṣẹ́ pé òun kò fẹ́ ẹ̀bùn kankan; ojú ọmọ òun nìkan ni òun fẹ́ rí, nítorí òun kò mọ̀ bóyá òun yóò rí ọdún mìíràn.

Àánú bàbá rẹ̀ ṣe é. Ó ní òun yóò fi ọwọ́ ara òun ṣe káàdì fún un. Ó gé ọ̀dùnkún sí méjì, ó fi ọ̀bẹ gbẹ́ òǹtẹ̀ sí wọn lára: ọ̀kan jẹ́ akèrègbè ẹmu tó ń hó, èkejì jẹ́ ọwọ́ tó ń júwe. Ó rì wọ́n sínú yíǹkì, ó tẹ̀ wọ́n sórí páálí funfun, ó fi máàkà ya ilé kékeré síwájú ọwọ́ náà, ó sì kun èékánná ọwọ́ náà ní pupa. Ó rẹwà lóòótọ́. Àfi pé òǹtẹ̀ a máa yí nǹkan padà: ọwọ́ ọ̀tún tó gbẹ́ ti di ọwọ́ òsì lórí páálí. Adégòkè ọkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí i, ó sì ní kó tún un gbẹ́.

"Ta ni yóò mọ̀ ọ́n nínú àwọn ará oko wọ̀nyẹn?" ni Ìbídùnní fèsì, ó sì ki káàdì bọ àpò.

Ọ̀sán gangan ọjọ́ìbí náà ló wọ ọ̀nà abà. Ọ̀nà tó ti ń sáré gbà láti kékeré ni, síbẹ̀ ó rìn títí, kò rí òrùlé kankan, igi ọ̀pẹ nìkan. Ẹyẹ kò ké. Ewé kò mì. Arúgbó ọkùnrin kan dúró lábẹ́ ọ̀pẹ, òjìji bo ojú rẹ̀. Ìbídùnní kí i, ó béèrè ilé Akíndípẹ̀. Arúgbó náà na ọwọ́ òsì sínú igbó. Ìbídùnní gba ibẹ̀ lọ, ó rìn, ó rìn, ìdí ọ̀pẹ yẹn náà ló tún já sí. Ó tún béèrè, ọkùnrin náà tún na ọwọ́ òsì. Lọ́tẹ̀ yìí ló rí èékánná rẹ̀: ó pupa fòò, bíi pé wọ́n fi máàkà kùn ún.

Ó yára tọwọ́ bọ àpò. Ó yọ káàdì jáde. Akèrègbè wà níbẹ̀, ilé wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí ọwọ́ wà ti funfun báláú.

Ẹ̀rù bà á débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀. Oòrùn yóò wọ̀, bàbá rẹ̀ yóò sì sùn láìfojú kàn án. Ó kúnlẹ̀ sójú ọ̀nà, ó na ọwọ́ ọ̀tún síwájú.

"Ọmọ Akíndípẹ̀ adẹ́mu ni mí," ó wí. "Ẹmu ló tọ́ mi dàgbà. Ilé bàbá mi ni mò ń lọ, ojú kò sì tì mí mọ́ láti sọ ọ́."

Èéfín ló kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà òrùlé, lẹ́yìn náà ògiri ilé alámọ̀ tí wọ́n bí i sí. Ẹ̀yìn arúgbó náà gan-an ni ilé wà. Òjìji sì kúrò lójú ọkùnrin náà: Akíndípẹ̀ gan-an ni.

"Ìbídùnní," ni bàbá rẹ̀ wí, "láti ọ̀sán lo ti ń kọjá lára mi. Mò ń pè ọ́, o kò gbọ́, ìwọ ń bi mí léèrè ilé mi. Ọwọ́ ọ̀tún yìí ni mò ń nà sí ẹnu ọ̀nà, ìwọ sì ń wọgbó lọ."

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bí ọmọ kan bá ń tẹ́ńbẹ́lú orísun rẹ̀, tó ń pẹ̀gàn ìdílé tàbí ìlú rẹ̀ lójú àlejò, àwọn àgbà a máa sọ fún un pé a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lè dúró lẹ́nu ọ̀nà bàbá rẹ̀, kó má mọ̀ pé òun ti délé.