Bíríkìlà àti Owó Tí Gbogbo Ènìyàn Ń Bú

Ọkùnrin kan wà ní Ìkirè, iṣẹ́ bíríkìlà ló ń ṣe. Ọgbọ̀n ọdún ló fi kọ́ ilé fún ẹlòmíràn, inú yàrá kan tó háyà ni òun àti ìyàwó rẹ̀ sì ń gbé. Kò sí ẹni tó lè tàn án jẹ nídìí iṣẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá já iyanrìn sílẹ̀, yóò bu omi sí i, yóò fún un mọ́wọ́. Bí ó bá kun àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, amọ̀ ti wà nínú rẹ̀ nìyẹn, awakọ̀ yóò kó o padà síbi tó ti kó o wá. Ẹni tó ni iyanrìn lè búra títí ọ̀fun rẹ̀ yóò fi gbẹ, kò ní dá a lóhùn.

Díẹ̀díẹ̀, ó ra ilẹ̀ kékeré kan lẹ́yìn ìlú, ó sì gbẹ́ ìpìlẹ̀ sí i. Ní ọjọ́ Ìsinmi, ìyàwó rẹ̀ a máa lọ dúró láàárín ìpìlẹ̀ náà, a ní ibí ni òun yóò ti máa dáná.

Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ owó orí fóònù dé, èyí tí wọ́n ń pè ní kírípítò. Àwọn kan tí ẹnikẹ́ni kò rí ojú wọn rí gbé tiwọn jáde, wọ́n ní ẹni tó bá tètè rà á yóò là. Bíríkìlà rà díẹ̀. Kò pẹ́ tí èébú fi bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ kan ládùúgbò wọn sọ ọ́ lórí rédíò pé òun wá ọ́fíìsì àwọn tó ni owó náà títí, òun kò rí i, òun kò sì rí ẹni tó lè ṣàlàyé ibi tí èrè náà ń gbà wá.

Ó yẹ kí ẹ̀rù ba ọkùnrin yìí. Inú rẹ̀ ló dùn. Àwọn tí wọ́n jọ rà á ní ẹgbẹ́ lórí Wáàsáàpù, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n sì fi ń ki ara wọn láyà: igi tó bá léso là ń sọ lókò. Bí wọ́n bá bú owó náà láàárọ̀, bíríkìlà á rà sí i lọ́sàn-án.

Ìyàwó rẹ̀ ní, “Bàbá Àṣàbí, ejò ńkọ́? Ṣebí a máa ń sọ ejò lókò pẹ̀lú. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí wọ́n ń sọ òkò sí.”

Ó ní obìnrin náà ti dara pọ̀ mọ́ ọ̀tá. Àgbà tó gbọ́n níbi iṣẹ́ lè ya òmùgọ̀ nílé. Ẹni tí kì í fi ọ̀rọ̀ ẹnu ra iyanrìn, ariwo ẹnu ayé ló fi wọn owó yìí. Ó ta ilẹ̀ náà, tòun ti ìpìlẹ̀, ó fi gbogbo rẹ̀ ra kírípítò náà sí i, kò sì sọ fún ìyàwó rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó tẹ fóònù, owó náà kò ṣí mọ́. Àwọn tó ni ín ti palẹ̀ mọ́. Àwọn ẹgbẹ́ Wáàsáàpù ń fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ lọ́kọ̀ọ̀kan. Omi tán lẹ́yìn ẹja. Èébú pàápàá dákẹ́, nítorí kò sí ohun tí wọn yóò bú mọ́.

Olùkọ́ orí rédíò wá kí i. Kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin gan-an ni mo ń bá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà.”

Ó dùn mí láti sọ èyí tó kù. Ẹni tó ra ilẹ̀ náà ń wá bíríkìlà tí yóò kọ́ ilé sórí ìpìlẹ̀ náà, ebi sì ń pa ọkùnrin yìí, òun ló gba iṣẹ́ náà. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀, tó ti wá mọ̀ pé ilẹ̀ ti lọ, gbé oúnjẹ ọ̀sán wá fún un, kò wọ ibẹ̀. Ojú títì ló dúró sí, ó ń pè é.

Ìwọ tí o wá sọ fún mi lánàá pé owó orí fóònù tìrẹ dára nítorí pé gbogbo ìwé ìròyìn ń bú u, ìwọ ni mò ń bá wí. Wọ́n ń bú ohun rere, wọ́n sì ń bú pàǹtírí, nítorí náà èébú kì í ṣe ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń bú u sọ ìdí tí wọ́n fi ń bú u. Ǹjẹ́ o ti yẹ ìdí náà wò? Bí o kò bá tíì yẹ̀ ẹ́ wò, ìwé ilẹ̀ ìyá rẹ tó wà lápò rẹ yẹn, tí o fẹ́ tà kí o lè rà á sí i, lọ dá a padà fún un.