Ọkùnrin Tó Fẹ́ Fi Agbe Han Bàbá Rẹ̀

Kí ni a mọ̀ nípa agbe? Ẹ rò ó wò ná. A mọ̀ pé ẹyẹ aláró ni. A ti ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ nínú orin àti nínú àdúrà ìsọmọlórúkọ láti kékeré. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí ẹni tó ti fi ojú ara rẹ̀ rí i na ọwọ́ sókè, ọwọ́ mélòó ni a ó rí?

Ọkùnrin kan wà tí ojú bàbá rẹ̀ ń ṣókùnkùn lọ. Dókítà ti sọ fún wọn pé ìríran tó kù yóò lọ tán kí òjò ọdún náà tó dá. Bàbá kò sunkún. Ohun kan ṣoṣo ló béèrè. Gbogbo ọmọ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló ti fi agbe súre fún, kò sì rí ẹyẹ náà rí. Ó fẹ́ rí i.

Ọmọ náà gbà. Ó ní igbó ńlá kan tí ìjọba ń tọ́jú ní ìpínlẹ̀ mìíràn ni òun yóò mú un lọ, bí òun bá gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́. Wọn kò fún un ní ìsinmi. Ó sún ìrìn náà síwájú, ó tún sún un. Lọ́jọ́ kan bàbá na ọwọ́ sí ife omi tó wà níwájú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì kọjá ife náà.

Ó béèrè pé, “Ṣé ìgbà tí mo bá fọ́jú tán lo máa mú mi lọ?”

“Ẹ ní sùúrù, Bàbá. Ibi tí à ń lọ jìnnà.”

Ìyàwó ọmọ náà gbọ́. Ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé, “Bàbá Mofẹ́, ṣé gbogbo ẹyẹ ló ti kó kúrò nítòsí ni? Ẹ jẹ́ ká gba ọ̀nà oko kòkó ẹ̀yìn ìlú yìí wò.”

“Kí ló wà níbẹ̀ ju eruku lọ?”

Síbẹ̀, nígbà tó di àárọ̀ Sátidé, ó gbé wọn sínú mọ́tò.

Ọ̀nà náà há, igbó sì dí lọ́tùn-ún lósì. Ẹ mọ àṣà àwa awakọ̀: bí a bá dé kọ́nà lọ́nà oko, a ó tẹ họ́ọ̀nù. Ọkùnrin náà tẹ̀ ẹ́. Ẹyẹ ńlá kan gbéra lórí igi, ó wọ inú igbó lọ. Ìyàwó nìkan ló rí ìrù rẹ̀.

Bàbá ní, “Ìwọ àti mọ́tò rẹ, kò sí èyí tó mọ bí a ṣe ń dákẹ́.”

Wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, wọ́n sọ̀kalẹ̀, wọ́n dúró. Oòrùn ń gòkè. Bí ó bá mú jù, funfun lásán ni bàbá yóò máa rí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbọ́ ìró ọ̀kadà tó ń bọ̀ lókèèrè. Ọmọ náà sáré lọ pàdé rẹ̀ lẹ́yìn kọ́nà, ó ń ju ọwọ́ méjèèjì.

Ọlọ́kadà dúró. “Ṣé òkú wà níwájú ni?”

“Ẹyẹ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa ẹ́ńjìnnì yín.”

Ọlọ́kadà wò ó tìyanu-tìyanu, ó sì pa á. Igbó dákẹ́. Ohùn kan wá dún lókè pé kọ́kọ́kọ́kọ́, agbe sì sáré jáde sórí ẹ̀ka tó nà sójú ọ̀nà, ìyẹ́ orí rẹ̀ dúró ṣánṣán. Bàbá di apá ìyàwó ọmọ rẹ̀ mú.

Ó ní, “Ó dé fìlà. Gbogbo ọdún tí mo fi ń pè é, ẹnì kan kò sọ fún mi pé ó dé fìlà.”

Ọmọ náà kò rí i. Ẹ̀yìn kọ́nà ló wà pẹ̀lú ọlọ́kadà. Ṣùgbọ́n ó gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀. Kí òjò tó dá, ojú bàbá ti lọ pátápátá.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ìrìn jíjìn tí ẹ ń dúró dè ni kò jẹ́ kí ẹ lọ sí ìtòsí. Ọ̀nà ìtòsí kò fẹ́ ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́. Àgbà lè bá yín lọ. Bí ẹ kò bá rí nǹkan lónìí, ẹ ó jẹun ọ̀sán nílé, ẹ ó sì tún lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ẹ gbìyànjú èyí ní Sátidé yìí. Ẹ bi àgbà kan nínú ilé yín pé ẹyẹ wo ló mọ orúkọ rẹ̀ tí kò rí rí. Kí oòrùn tó gòkè, ẹ mú un lọ sí ọ̀nà oko tó sún mọ́ yín jù, kí ẹ jọ gbójú sókè.