Bàsíà Tí Ẹ̀gbọ́n Ń Lù

Jókòó, Mọ́rẹ́nikẹ́jì. Má wo fèrèsé, èmi ni kí o wò.

Ọkùnrin kan wà tó ń pẹja ní erékùṣù kan létí òkun. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jọ ń gbé, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ọkọ̀ wọn, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọ̀n wọn. Lọ́dún kan, nígbà tí òjò ti dá tí ọyẹ́ sì ń wọlé bọ̀, àwọ̀n àbúrò bẹ̀rẹ̀ sí í gbé òfo wá. Ti ẹ̀gbọ́n ń kún. Ni àbúrò bá fi òwú pupa so ẹnu àwọ̀n rẹ̀, kó lè mọ̀ bí ẹnìkan bá ń tú u lóru. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò bá òwú mọ́. Akàn lè gé òwú, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n akàn kọ́ ló ń wá, olè ló ń wá.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n gbé ẹja yíyan wá fún un. Àbúrò gbóòórùn rẹ̀ títí, ó ní, "Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹja mi ni wọ́n fi ń ṣàánú mi." Ó dà á fún ajá. Láti ọjọ́ náà ló ti ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yan odì. Àgbà ọkùnrin! Kò bi í léèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ó di gààrí àti omi sínú ọkọ̀, ó lọ ń ṣọ́ àwọ̀n rẹ̀ lójú òkun. Ìgbì ńlá gbé e sókè sísàlẹ̀, kò kúrò. Lọ́jọ́ kejì, ó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń wakọ̀ bọ̀. Ẹ̀gbọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lanu ni, òun ti na àjẹ̀ sókè: "Ọwọ́ ti tẹ̀ yín! Bí ẹ bá sún mọ́ àwọ̀n mi, màá là yín lórí!" Ẹ̀gbọ́n yí ọkọ̀ padà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, kùrukùru bo òkun. Bó bá rí bẹ́ẹ̀ ní erékùṣù yẹn, ará ilé apẹja á gbé bàsíà irin lọ síbi tí ọkọ̀ ti ń wọlé, á máa lù ú, kí ẹni tó wà lójú omi lè tẹ̀ lé ìró rẹ̀. Ilé kọ̀ọ̀kan ní bó ṣe ń lu tirẹ̀. Àbúrò tẹ́tí, ó gbọ́ ti ilé wọn. Inú rẹ̀ kọ́kọ́ dùn. Lẹ́yìn náà ló fura. Ó ń gbọ́ bí ìgbì ṣe ń lu òkú ọkọ̀ ńlá kan tó rì sétí omi. Apá òsì òkú ọkọ̀ yẹn ni bàsíà ti ń dún, bẹ́ẹ̀ apá ọ̀tún ni wọ́n ń gbà wọlé láti ayé bàbá wọn.

Ó ní, "Háà! Wọ́n fẹ́ pa mí. Orí iyanrìn ni wọ́n ń pè mí sí." Ó yí imú ọkọ̀ sí apá ọ̀tún. Bàsíà ń ké kíkankíkan. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ lù ú dáadáa."

Ọkọ̀ rẹ̀ kọlu iyanrìn, ó fọ́ sí méjì. Ìgbì gbé e mì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló bẹ́ sómi tó wọ́ ọ jáde. Nígbà tó lajú, ó rí bàsíà nílẹ̀, ìdí rẹ̀ ti lu, ẹ̀jẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n.

Ẹ̀gbọ́n ní, "Ìgbì ti kó iyanrìn dí ọ̀nà àtijọ́, omi ti la òmíràn. Ohun tí mo wá sọ fún ọ lánàá nìyẹn."

Wọ́n fa àwọ̀n rẹ̀ wálé lẹ́yìn náà. Akàn ló kún inú rẹ̀, ihò rẹ̀ kò lóǹkà.

Mọ́rẹ́nikẹ́jì, ẹ̀gbọ́n rẹ ti pè ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta láti ìgbà tí o ti jókòó síbí, o ń da fóònù dojú bolẹ̀. O ní kò lè pè ọ́ fún ire. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, èmi ò rí inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ, ṣé o mọ ibi tí iyanrìn wà láàárọ̀ yìí?

Ó tún ti ń dún. Gbé e.