Bí Odò Ṣe Bojú Wẹ̀yìn ní Ayípàdé

Ẹ̀yin ọmọ Ayípàdé, ọmọ odò tó bojú wẹ̀yìn, ọmọ arìnyíká-má-sọnù, ẹ fara balẹ̀. Ẹsẹ̀ obìnrin kan ló kọ́kọ́ la ọ̀nà etídò tí ẹ ń rìn yìí, ọmọ sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Àwẹ̀ró lorúkọ rẹ̀. Ọjọ́ tí ogun tú ìlú rẹ̀, ọkọ rẹ̀ kú sójú ogun, àwọn ará ilé sì fọ́nká. Ìyá arúgbó tó ń bọ òkè ìlú náà kò lè sá mọ́. Ó di Àwẹ̀ró lọ́wọ́ mú, ó ní: "Níbi tí odò bá ti bojú wẹ̀yìn, ibẹ̀ ni kí o tẹ̀dó sí. Ibẹ̀ ni wàá ti rí ènìyàn."

Àwẹ̀ró sunkún. Ta ni kò mọ̀ pé odò kì í ṣàn kó bojú wẹ̀yìn? Lójú tirẹ̀, kó máa rìn títí ayé ni ìyá àgbà ń wí. Àwọn tí ń sá fógun sì ti kìlọ̀ fún un pé ẹni tó bá bojú wẹ̀yìn, ogun a kó o. Kò wẹ̀yìn.

Ó rìn títí ó fi dé etí odò kan lábẹ́ Òkè Olórí-Mẹ́ta. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ bí ẹní. Aláboyún lè rìn ín láìmí hẹlẹhẹlẹ. Òkè náà dúró gbọnin lápá ọ̀tún rẹ̀, ìkùukùu wé e lórí bíi gèlè. Ó dára lójú, àmọ́ ta ni yóò pè wá wò ó? Ó kígbe pé, "Ẹ gbà mí o!" Òkè dá a lóhùn pé, "Gbà mí o!" Iṣu inú àpò ti tán. Ẹ̀rù ikú tirẹ̀ kọ́ ló ń bà á: bí òun bá ṣubú síbí, ta ni yóò tú ọmọ yìí kúrò lẹ́yìn òun?

Àfi bó ṣe rí ojú ẹsẹ̀ ọkùnrin nínú ẹrẹ̀, ẹsẹ̀ gbàǹgbà tí ọmọńdinrín kò sí lápá òsì. Ó tẹ̀ lé e. Ó bá èèpo iṣu sísun nílẹ̀, ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó yára, kò bá ẹnì kankan. Ilẹ̀ ṣú, ó dáná sùn nídìí igi akòko kan. Ilẹ̀ mọ́, ó tún tẹ̀ lé e, títí tó fi padà dé ìdí akòko náà, tó rí eérú iná tirẹ̀. Ẹsẹ̀ ọkùnrin yẹn ti tẹ eérú ọ̀hún mọ́lẹ̀. Ó rò pé iwin ni.

Ó ń sá lọ, ni ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ bá bú sẹ́rìn-ín, ó ń nawọ́ sẹ́yìn. Àwẹ̀ró dúró. Kí ni ọmọ yìí ń rí? Ó wo òkè: apá ọ̀tún ló ṣì wà, bó ti wà láti àná; òkè náà ló ti ń rìn yí ká. Ó wo odò: odò náà ti bá òkè yí, ibi tó ti wá ló tún kọjú sí.

Ó ní, "Bí odò bá wẹ̀yìn tí ogun kò kó o, èmi náà á wẹ̀yìn."

Ó yí padà. Kò rìn jìnnà tó fi pàdé ọdẹ kan tí òógùn bò, tí kò ní ọmọńdinrín ẹsẹ̀ òsì. Ọdẹ́rìndé ni, ọmọ ọba tí ìjà oyè lé kúrò nílé.

"Háà, ìyá ọmọ! Ṣé ẹsẹ̀ ìgalà lo fi ń rìn ni? Láti àná ni mo ti ń tẹ̀ lé ọ!"

"Ẹ̀yin ń tẹ̀ lé mi? Èmi náà, ẹ̀yin ni mò ń tẹ̀ lé!"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi ń dà lójú rẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti gbọ́ ohùn ènìyàn kẹ́yìn. "Ẹyọ ìwọ nìkan ni?"

"Àwa méjì ni, bàbá. Ẹ kí ọmọ yìí, òun ló rí yín."

Ìdí akòko yẹn ni wọ́n pa àgọ́ àkọ́kọ́ sí. Nítorí pé wọ́n yí òkè ká kí wọ́n tó pàdé ni ìlú wa fi ń jẹ́ Ayípàdé, tí odò wa ń jẹ́ Bojúwẹ̀yìn. Nígbà tí àwọn mìíràn wá bá wọn tẹ̀dó, Ọdẹ́rìndé jọba. Ọmọ ẹ̀yìn yẹn sì ni baba ńlá àwọn afọbajẹ, nítorí òun ló rí ọba kí ẹnikẹ́ni tó rí i.

Síbẹ̀, títí Àwẹ̀ró fi darúgbó, lọ́jọ́ tó bá rántí àwọn tí ogun gbà lọ́wọ́ rẹ̀, òun nìkan a máa rìn yí etídò ká, ojú rẹ̀ a wà lára òkè. Ọdẹ́rìndé kì í tẹ̀ lé e. Òun a gba apá kejì, a rọra máa bọ̀, kó lè pàdé rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é dòní. Bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ ẹnì kan tó sì dá rìn lọ sétídò, ará ilé rẹ̀ kan a gba apá kejì. Níbi tí wọ́n bá ti pàdé, ará ilé náà a bi í pé, "Ẹyọ ìwọ nìkan ni?" Kódà bó bá ń sunkún, èsì rẹ̀ kì í yí padà: "Àwa méjì ni."