Okùn Gàárì Ìyá Ọ̀bọ

"Ẹ̀yin ọmọ, àlọ́ mi rèé."
"A ti jókòó, máa pa á."

Ìyá Ọ̀bọ ń di gàárì mọ́ Ẹṣin. Ẹṣin fa èémí sínú, ikùn rẹ̀ wú, okùn sì dà bí èyí tó le. Àgùntàn rí i, ó kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

"Ìyá Ọ̀bọ, tún okùn fà."
"Kó o tó gùn ún."

"Okùn mi le." Ó gbé ọmọ rẹ̀ sórí gàárì.

"Ìyá Ọ̀bọ, tún okùn fà."
"Kó o tó gùn ún."

"Àgùntàn, ìwọ gun ẹṣin rí?" Òun náà gòkè.

Ohùn Àgùntàn ń gbọ̀n wàyí:

"Ìyá Ọ̀bọ, tún okùn..."

Ẹṣin mí jáde. Gàárì yí sábẹ́ ikùn.

"Ọmọ mi dà?"

Ọmọ ti lẹ̀ mọ́ ikùn ìyá rẹ̀.

"Fi mí sílẹ̀, a ti balẹ̀."
"Rárá, Màámi."

Títí dòní, ọmọ ọ̀bọ kò tíì fi í sílẹ̀. Ibẹ̀ ni mo so àlọ́ mi mọ́.