Fẹ̀hìntọlá àti Táńkì Epo

Ní Òkìtìpupa, kò sí awakọ̀ tó ń gbé epo pupa tí kò mọ̀ pé bí epo bá ti dì mọ́ inú táńkì, omi tútù kò lè ṣí i. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wá Fẹ̀hìntọlá, ọmọbìnrin tó ní ẹ̀rọ ìfọkọ̀ tó ń tu omi gbígbóná.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Bàbá Akínkùnmí gbé táńkì tirẹ̀ dé. Bí kò bá mọ́ kó tó di ọ̀sán, ọkọ̀ mìíràn ni yóò gba ipò rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń bu epo. Ẹ̀rọ kò tíì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe.

“Fún un lágbára sí i! Yí i dópin!” ni bàbá ń pariwo. “Àbí iṣẹ́ ọkùnrin ni mo gbé fún obìnrin?”

Fẹ̀hìntọlá rẹ́rìn-ín. “Tótó ó ṣe bí òwe o, bàbá: ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.”

“Òwe kì í fọ táńkì!”

Ó pa iná ẹ̀rọ, ó tẹ ìbọn omi rẹ̀ títí agbára inú rẹ̀ fi tán, ó wá tú asẹ́ tí omi ń gbà wọlé. Èérí ti dí i pa. Ó fọ̀ ọ́, ó jẹ́ kí omi tútù lé afẹ́fẹ́ jáde kó tó tan iná padà. Nígbà tí omi gbóná, epo ń yọ́ kúrò lára irin bí òrí tí oòrùn pa. Kí aago mọ́kànlá tó lù, táńkì ti ń dán.

Awakọ̀ tó tò tẹ̀lé wọn tẹ fèrè pé kí wọ́n yára. Bàbá Akínkùnmí yọrí síta.

“Ta ló ń dààmú wa yẹn? Fara balẹ̀ jàre, ọ̀gá wa wà lẹ́nu iṣẹ́!”