Ìgbálẹ̀ Tó Wà Lórí Ìṣó

Àwọn àgbà ní a kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Morádékẹ́ opó mọ òwe náà, ṣùgbọ́n ọkàn tí àárò ń sọ kì í tètè rántí òwe.

Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀, katakata tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ kò sì lè dé àárín oko kó má hó bí ìkòkò. Ó bu omi sí i títí, ó gbààwẹ̀ lé e lórí, pàbó ló já sí.

Àbúrò ọkọ rẹ̀ ní, "Ìyàwó wa, jẹ́ ká tà á fún alágbẹ̀dẹ."

Morádékẹ́ kọ̀ jálẹ̀. Bí wọ́n bá tà á, ìró wo ni yóò tún máa rán an létí olówó orí rẹ̀ tó ń ti oko bọ̀?

Ó ránṣẹ́ pe Ṣítù mẹkáníìkì. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, Ṣítù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo iwájú katakata.

"Màmá, èèpo koríko ti dí ojú rédíétọ̀ pa, afẹ́fẹ́ kò ráyè wọlé mú ẹ́ńjìnnì tutù. Ètè rèé, làpálàpá lẹ̀ ń bomi sí. Kí ni Bàbá fi ń gbá a?"

"Ìgbálẹ̀ kan ni. Orí ìṣó ló wà láti ọjọ́ ìsìnkú. Ọwọ́ ọkọ mi ló kẹ́yìn kàn án, n kò fẹ́ kó gbó."

"Háà! Ẹ̀yin ìyá ìjọ, ẹ wá ń bọ ìgbálẹ̀!"

Ẹ̀rín pa Morádékẹ́, omijé sì bọ́. "Òótọ́ ni. Mánà tí wọ́n tọ́jú di ọjọ́ kejì, ìdin ló yọ."

Ó mú ìgbálẹ̀ náà kúrò lórí ìṣó, ó gbá èèpo koríko kúrò pátá. Katakata túlẹ̀ dé òpin oko láì hó. Ní ìrọ̀lẹ́, Morádékẹ́ tún gbá a bí ọkọ rẹ̀ ti máa ń ṣe, ó sì fi ìgbálẹ̀ sábẹ́ ìjókòó katakata, níbi tí olówó orí rẹ̀ máa ń fi í sí.